Ìlà Kan Tí Mi Ò Kà

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á, ẹ má bá mi wá ẹlẹ́bi. Àwa méjì péré la jọ ń kọ ìkànnì kan fún iléèwé kan ní Lokoja, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí Paparanda: èmi àti ọmọbìnrin Yàgbà kan tó máa ń kí mi ní "Ọ̀kun o" láàárọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Java la fi ń kọ ọ́. Ibẹ̀ làwọn òbí ti ń wo èsì ìdánwò ọmọ wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Gbogbo ohun tí ìkànnì bá ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí à ń pè ní lọ́ọ̀gì, ká lè mọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Ọmọbìnrin náà ní ká lo irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Logback, tàbí Log4j bí ìyẹn bá wù mí jù, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní ipò tirẹ̀: ERROR fún èyí tó le, INFO fún ti ojoojúmọ́, DEBUG fún àròyé lásán. Mo ní, kí ló dé? Ṣé println tí à ń lò, tó kàn ń da gbogbo ọ̀rọ̀ síbẹ̀ láìní ipò, kò tó ni?

"Gbogbo lọ́ọ̀gì yẹn ni mò ń kà," mo fọ́nnu. "Kò sí ìlà tí ojú mi ń fò."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ọ̀gá alákọ̀wé. A ó máa wò ó."

Ọkàn mi ń fà sí i, mi ò ní purọ́. Tá a bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ jẹun ní Kabawa, ó máa ń yọ ẹja inú àwo rẹ̀ sínú tèmi, á ní òun ti yó, irọ́ ló sì ń pa. Mo ń dúró de ọjọ́ tó dáa tí màá sọ̀rọ̀. Ni iṣẹ́ bá yọ fún un ní Kánádà. "Kú oríire," ni mo wí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́; ṣebí mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré?

Lọ́jọ́rú tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ọ̀gá wa ní kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó lè wọ inú ìkànnì. Mo yọ ọ́. Ní Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Àbújá, ó bá bàálù lọ.

Ó ti di ọdún méjì. Àárò rẹ̀ ò yé sọ mí. Mo rí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lórí fóònù, mo tún kọ "Kú oríire" sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́jọ́ tí èsì jáde gan-an, ìkànnì kú pátápátá. Lọ́ọ̀gì mi ló ti kún inú kọ̀ǹpútà bámúbámú. Àwọn òbí ń bú ọ̀gá, ọ̀gá ń bú mi, ó ní kí n lọ wá nǹkan gidi lò. Ẹ wo ẹ̀sín! Logback náà ni mo mú. Mo ní kó máa ṣí fáìlì tuntun lójoojúmọ́, kó sì máa pa èyí tó bá lé lóṣù kan rẹ́. Mo wá ń tú àwọn println wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fún wọn ní ipò.

Ọ̀sán gangan ni mo kan ọ̀kan tí ọmọbìnrin náà kọ. Ó ti ṣètò rẹ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá yọ orúkọ òun nìkan ni kó jáde: "Ọ̀kun o, alákọ̀wé. Sátidé ni mò ń lọ. Bí o bá ní kí n dúró, màá dúró."

Mo ṣí lọ́ọ̀gì àtijọ́, mo wá ọjọ́rú yẹn kàn. Yéè! Ó wà níbẹ̀, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà àròyé tèmi. Láti ọjọ́rú yẹn títí di Sátidé tó lọ ni mo fi jókòó tì í.

Mo gbọ́dọ̀ fún ìlà yẹn náà ní ipò. ERROR ni mo fún un, ipò tó ga jù, èyí tó máa ń dún lórí fóònù mi lójú ẹsẹ̀. Kò sì ní dún láéláé. Orúkọ kan ṣoṣo ló ń dúró dè, èmi ni mo sì ti yọ ọ́.