Irin Tó Gbapò Èjìká Mi

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé ilé wa nítòsí àdúgbò Rio ní Libreville, ní àárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò mi mú wẹ́dà wọlé. Mo ti yọ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́kànlá, mo tò wọ́n sí etí àtẹ nítorí pé mo fẹ́ràn kí n mọ iye tí nǹkan jẹ́. Mo rántí pé mi ò dìde. Mo kàn gbọ́ tí ó ń sọ fún wẹ́dà náà pé, "Níbí, níbí, àti nínú balùwẹ̀," bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé inú ilé.

Màámi fẹ́ padà sí Ìṣẹ́yìn, kí wọ́n lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin lọ́jọ́ alẹ́ wọn. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ta ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ná. Ọdún méjì ni a fi kọ ọ́ sára ògiri pé títà ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì rà á. Àbúrò mi ni ó wá sọ pé òun mọ ohun tó fà á. Ilé ìwé girama ni èmi kà mọ, ṣùgbọ́n òun ka ìwé jù mí lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Louis tí wọ́n ti ń bá èèyàn ta ilé.

"Àǹtí mi," ó ní, "àwọn ọ̀dọ́ kò ra ilé ní àdúgbò yìí mọ́. Àwọn retraités ló ń wá a, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Àtẹ̀gùn ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe fún wọn."

Láàárín oṣù kan, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn iwájú ilé. Wọ́n yọ táìlì tó ń yọ̀ kúrò nínú balùwẹ̀, wọ́n sì fẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n wá de irin mẹ́ta mọ́ ògiri kí èèyàn lè rí nǹkan dì mú bó bá ń jókòó tàbí bó bá ń dìde.

Irin wọ̀nyẹn ni ó dá ìjà sílẹ̀ nínú mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni èjìká òsì mi fi jẹ́ ti Màámi. Bí wọ́n bá ti pè mí láti balùwẹ̀, ohunkóhun tí mo bá ń ṣe, àní bí ìkòkò bá wà lórí iná, màá fi í sílẹ̀, màá sáré lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi, wọ́n á dìde. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ìyẹn ni ohun tí mo ní tí àbúrò mi kò ní.

Ní ọjọ́ tí sìmẹ́ńtì ìdí irin náà gbẹ, mo gbọ́ ìró omi, mo sáré lọ. Màámi ti dúró. Wọ́n di irin mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Wò ó, mo dá dìde! Ẹ bá mi kí ọmọ yìí o, ó ṣeun."

Ọmọ yìí kì í ṣe èmi.

Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún wá bẹ̀rẹ̀ sí í jowú irin. Mo mú okùn tí mo fi ń wọn aṣọ, mo wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, mo rí i pé èyí tó wà lápá òsì fi ìka kan ga ju èyí tó wà lápá ọ̀tún lọ. Mo pe wẹ́dà náà, Nàgó kan, Yorùbá bíi tiwa láti Kétu, tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Ó wo okùn, ó wò mí.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ dì í mú ni, àbí màmá?"

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni àbúrò mi fẹ́ tẹ ìwé pélébé tí yóò pín ní ọjà Mont-Bouët àti níbi ìpàdé àwa Yorùbá. Libreville ni wọ́n bí i sí. Faransé rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n èmi ni ó máa ń bi ní Yorùbá tó bá ta kókó.

"Personnes âgées, kí la ń pè é?"

"Arúgbó," ni mo dá a lóhùn, mi ò gbójú sókè nínú ohun tí mò ń rán.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa dáadáa mọ̀ pé èèyàn lè pe ara rẹ̀ ní arúgbó, ṣùgbọ́n a kì í pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, pàápàá ẹni tí a fẹ́ kó ra nǹkan. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ FÚN ÀWỌN ARÚGBÓ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ èbúté ni ó kọ́kọ́ wá, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Mont-Bouët. Màmá aláṣọ yìí pa irun wọn láró dúdú kirikiri, wọ́n wọ bàtà gogoro, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni arúgbó?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà. "Ẹ̀yin ni, màmá. Nítorí yín la ṣe ṣe é. Ẹ gba ibí, ó rọrùn fún arúgbó."

Bàbá wúkọ́ kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín.

"Èmi? Ẹ gbọ́ o, bàbá àwọn ọmọ mi, wọ́n ní kí n wá wọ ilé arúgbó!"

Màmá aláṣọ kọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n gba orí àtẹ̀gùn. Lórí ìkẹta, bàtà yẹ̀. Kí n tó mọ̀, èjìká mi ti wà lábẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n wúwo gẹ́lẹ́ bíi Màámi.

"Ìwọ lo mọ èèyàn," wọ́n ní, wọ́n ń tún gèlè wọn ṣe. "Kì í ṣe bíi ti òyìnbó inú ilé yín yìí."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò yìn mí jù ú lọ. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú Màámi lórí àga wọn nínú pálọ̀. Àpótí tí wọ́n ti dì ni wọ́n ń wò. Bàbá yẹ balùwẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mi irin, wọ́n mi orí pé ó dára. Ṣùgbọ́n ìyàwó wọn ti jáde.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màámi ní kí n bá àwọn yọ ìró méjì jáde nínú àpótí tí àwọn ti dì, nítorí ó jọ pé ìrìn àjò náà kò tíì yá. Ohùn wọn rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ohùn yẹn ni mi ò lè gbà mọ́ra. Mo lọ bá àbúrò mi, mo sọ fún un pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní ọ̀rọ̀ yẹn ni.

"Pourquoi?" ó béèrè.

Kí ló dé? Ohun tó ń bi mí nìyẹn.

Mo mú bírò, mo fa igi sí ọ̀rọ̀ náà lára ìwé tó kù, mẹ́tàléláàádọ́rin, mo kọ "àwọn àgbà wa" sí òkè rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo mú ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù màmá aláṣọ, mo kúnlẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ tèmi ni, kì í ṣe ti àbúrò mi.

"Ìwọ! Ìwọ tí mo yìn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí ìgbà òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ra ilé náà, wọ́n ní kí a má wó àtẹ̀gùn.

Yàrá kan ni mò ń gbé ní Rio báyìí. Àbúrò mi ti ní kí wọ́n fi irin sí balùwẹ̀ Màámi ní Ìṣẹ́yìn, mo sì tún jowú díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́; mo ti dàgbà, ṣùgbọ́n mi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí fóònù, mo wá bi wọ́n léèrè ohun tí mi ò lè bi wọ́n nígbà náà, pé kí ló mú inú wọn dùn sí irin yẹn tó bẹ́ẹ̀, ṣé èjìká mi kò tó ni.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ ni ìkòkò rẹ ń jó," Màámi ní. "Ẹ̀wà jíjóná tí mo jẹ lọ́wọ́ rẹ ti tó, ọmọ mi."