Owó Páànù Bàbá Mi

Ẹ má bi mí pé ọmọ mélòó ni bàbá mi bí. Mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí pé wọ́n ti kọ́ wa ní Ìgbòho pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí èèwọ̀ yẹn ṣe gba ilé mọ́ ìyá mi lọ́wọ́.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ó sì tún máa ń ra àgbàdo jọ tà. Kò fẹ́ràn báǹkì rí. Inú àpótí igi kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló ń kó owó sí, ó ní owó tí òun ò bá lè nawọ́ mú kì í ṣe owó òun. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ó ń kọ́ ilé alámọ̀ kan lọ́wọ́ lẹ́yìn ìlú. Ìyá mi ló ń kọ́ ọ fún. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó, yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé nínú agbo ilé ọkọ, níbi tó jẹ́ pé bó bá fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, ẹnìkan á sọ pé ó pọ̀ jù, ẹlòmíràn á sọ pé kò tó. Bàbá mi ti ṣèlérí fún un pé yóò kúrò níbẹ̀. Ògiri ti ga tán, ó ku páànù.

Ọdún yẹn ni ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní owó àtijọ́ nílé tètè gbé e lọ sí báǹkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò di bébà lásán. Bàbá mi di owó páànù rẹ̀ sínú àpò, ó wọkọ̀ lọ sí Ṣakí, ó sì tò sórí ìlà pẹ̀lú gbogbo ayé.

Nígbà tó dé, inú rẹ̀ ń dùn. Ìtàn ló kó bọ̀. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní akọ̀wé báǹkì kan tí òun lè fi ṣe ọmọ ló ní kí òun tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù, tó wá gbójú sókè tó ní, "Baba, ọmọ mélòó lẹ ní? Bí ẹ ò bá sí mọ́, ta ni ká kó owó yìí fún?"

"Mo ní, ṣé bàbá tìẹ ti kú ni? Ó ní rárá. Mo ní kó lọ bi ìyẹn nílé ná, kó tó wá bi mí!" ni bàbá mi fi parí ìtàn rẹ̀.

Ẹ̀rín sọ lọ́ọ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, gbá a lẹ́yìn, ó ní, "O ṣeun! Ọ̀rọ̀ ọkùnrin lo sọ." Akọ̀wé náà fi àyè orúkọ ọmọ sílẹ̀ lófìfo nínú fọ́ọ̀mù. Bí ẹnikẹ́ni bá yà wá kí bàbá mi lẹ́yìn náà, á tún ìtàn yẹn sọ, àwa náà á sì tún rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Kí iṣu tuntun tó jáde, kí báǹkì tó fún un ní owó tuntun, ló kú. Inú rírun ló bá a lóko láàárọ̀, nígbà tí wọ́n fi máa gbé e délé lórí kẹ̀kẹ́, ó ti parí. Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í sùn nílé. Àwọn ààfáà wẹ̀ ẹ́, a sì sin ín lọ́jọ́ náà. Bàbá Àgbà ní ẹni tó bá ti kọ́lé kò yẹ kí wọ́n sin ín sí ilé ẹlòmíràn, ni wọ́n bá gbẹ́ sàárè rẹ̀ sí pálọ̀ ilé tuntun náà, láàárín ògiri tí kò lórùlé. Bí wọ́n ṣe ń kó yẹ̀pẹ̀ lé e, ìyá mi gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Òjò ti ṣú.

Nígbà tí ìyá mi jáde opó, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, tí mo sì ń ṣe tíṣà, mú un lọ sí báǹkì. Akọ̀wé kan náà la bá. Ó ní ìwé ẹ̀rí ikú dà.

"Gbogbo Ìgbòho ló sin ín," ni ìyá mi wí.

"Màmá, Ìgbòho kì í ṣe ìwé."

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. A lọ, a bọ̀, títí a fi rí ìwé náà gbà lọ́wọ́ káńsù. Nígbà tí a gbé e dé, ó ṣí fáìlì bàbá mi, ó sì na ìka sí ibi tó ṣófo. "Ẹ ò ríyẹn? Lójú báǹkì, bàbá yín ò bímọ."

"Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ńkọ́?"

Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Ó ní kí àgbà ẹbí bá wa lọ sí kóòtù ní Ìbàdàn, kó búra níbẹ̀ iye ọmọ tí olóògbé bí, kó sì dárúkọ wọn.

Ìyá mi kúnlẹ̀ fún Bàbá Àgbà. Mo rò pé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò gbà, àfi bó ṣe mi orí.

"Ìyàwó wa, o mọ̀ ọ́n. Ọdún tí wọ́n wá ka èèyàn, ẹnu mi yìí ni mo fi ka àwọn ọmọ mi fún wọn. Kí ọdún tó yí po, èéyí ti kó wọn lọ. Ṣé kí n wá fi ti àbúrò mi lé e?"

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá Àgbà, èéyí ló pa wọ́n, kì í ṣe kíkà."

"Mo mọ̀," ló dá mi lóhùn. "Ìwọ lo kàwé."

Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ògiri ilé náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ògiri yàrá ìyá mi wó lulẹ̀. Bàbá Àgbà wá wò ó, ó sì bá omi tó dá rogún sórí sàárè àbúrò rẹ̀. Ìgbà tó yíjú padà, ó ní ká múra Ìbàdàn.

Ní kóòtù, ọ̀gá kan bi í pé ọmọ mélòó. Kò lè sọ ọ́. Orúkọ wa ló ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá ti pe ọ̀kan, á ní, "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí n fẹnu mi pa á." Ọ̀gá náà ń kọ ọ́. Nígbà tó wá fẹ́ kà wọ́n, Bàbá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì di etí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tó wúwo tó èyí tó ṣe fún wa.

Síbẹ̀, wọ́n ní ká lọ ná, ká máa padà bọ̀. A padà lọ, ọ̀gá náà ò sí ní ọ́fíìsì. A tún lọ, wọ́n ní ìwé ò tíì jáde. Ibẹ̀ la wà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní sáàpù fi dé, tí gbogbo ọjà gbówó lórí. Nígbà tí báǹkì wá sanwó, kò dín, kò sì lé. Bàbá Àgbà ò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló kó fún ìyá mi. Ṣùgbọ́n owó tí ì bá bo gbogbo ilé, páànù tó rà kò kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀, ká máa rà kún un fún yàrá yín."

"Yàrá wo? Olówó ni kó kọ́kọ́ kúrò nínú òjò."

Ó pe káfíńtà, ìyẹn ri òpó mẹ́rin yí sàárè ká, ó sì kan páànù náà lé wọn lórí. Nǹkan tí ilé bàbá mi dà nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn náà, a wá ìyá mi tì nínú agbo ilé. Mo sáré lọ sẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ ni mo ti bá a tó jókòó ti sàárè, tó ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Òjò ń pa á lẹ́yìn láti èjìká dé ìdí, nítorí páànù náà kò tó èèyàn méjì.