Ògiri Kanku

Ogún ọdún ni Kanku fi ń rẹ́ ògiri ilé fún àwọn ìyàwó tuntun ní abúlé wọn ní ilẹ̀ aṣálẹ̀ Kutch. Á po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ràkúnmí, á fi ìka ya ọnà sí i, á wá tẹ dígí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lára. Àmọ́ ògiri tirẹ̀ ṣófo, torí apá rẹ̀ ò ká dígí. Lọ́dún yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa igò sódà òfìfo jọ.

"Ìyàwó wa, ṣé ìsọ̀ sódà lo fẹ́ ṣí ni?" Puri, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ló bi í bẹ́ẹ̀. Ẹnu Puri kì í sinmi.

 Kanku lu ihò já ògiri yàrá rẹ̀ tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó ki àwọn igò náà bọ̀ ọ́, ó fi amọ̀ dí etí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí amọ̀ náà gbẹ, Puri wá tọrọ iyọ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ti gba inú àwọn igò náà dà sílẹ̀ káàkiri yàrá bí omi, ó ń dán lára ìkòkò, lórí ẹní, lójú ọmọ Kanku tó ń sùn.  Puri ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn létí ògiri, kó má baà tẹ ìmọ́lẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Kanku wí. "Kò lè fọ́."