Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Àwọn Télọ̀ Lọ Sétí Òkun

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Satwa, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, kò tíì sí ọkọ̀ ojú irin metro ní Dubai, òkun kò sì jìnnà sílé wa rárá. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn ín. Síbẹ̀, mo ti ń lọ sílé ìwé kí n tó fojú kàn án, nítorí bàbá mi ní a ò gbọdọ̀ lọ láìsí òun, òun náà kò sì ráyè.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ó lọ Hájì ní Mẹ́kà, ibẹ̀ ló gbà wá sí Dubai, ó sì ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan pẹ̀lú àwọn télọ̀ láti Íńdíà àti Pakísítánì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ pàápàá, bí wọ́n bá ti kírun tán, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ń padà sí. Ẹnì kan ń gé aṣọ, ẹnì kan ń rán kọ́là, bàbá mi ń rán apá, ẹlòmíràn ń fi bọ́tìnnì sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ àyè, ọ̀gá á ní kò ṣeé ṣe, torí bí ẹnì kan péré bá sinmi, iṣẹ́ gbogbo wọn á dúró. Kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ náà nírọ́. Èmi nìkan ni n kò gbà. Mo fi ẹkún òkun da ilé rú débi pé ìyá mi ní kí bàbá mi máa mú mi dání lọ síbi iṣẹ́, kí òun lè gbádùn etí òun.

Ibẹ̀ ni màmá olùkọ́ kan ti bá mi. Òyìnbó ni, ó ti dàgbà, ó máa ń kó aṣọ wá rán, ṣùgbọ́n kì í wá lọ́jọ́ Sátidé láéláé. Ó bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́kún, mo sì sọ fún un. Ló bá jókòó, ó rọra sọ fún bàbá mi pé Júù lòun, pé láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ọjọ́ ìsinmi wọn kì í ṣe ti olówó nìkan: ó kan ìránṣẹ́ àti àlejò, ó kan màlúù pàápàá. Télọ̀ ni ìyá tó bí i, ní Amẹ́ríkà. Irú ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni ìyá náà àti àwọn Júù ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rán aṣọ láìsinmi, títí wọ́n fi fọwọ́ sowọ́ pọ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe Júù, tí gbogbo wọn jọ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí tiwọn dára tán, ìyá yìí kan náà tún bá àwọn ènìyàn dúdú rìn nígboro láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn.

Bàbá mi rò ó títí. Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì jọ tọ ọ̀gá lọ. Àyà bàbá mi ń já, torí ọwọ́ ọ̀gá ni visa wa wà. Bó bá bínú, ẹrù ni ká máa dì nìyẹn. Ọ̀gá tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́, pé bí ẹnì kan bá sinmi, iṣẹ́ á dúró.

"Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá," ni bàbá mi wí. "Ẹ wá jẹ́ kí gbogbo wa jọ sinmi lọ́jọ́ kan náà."

Ọ̀gá wò ó, ó wo àwọn yòókù, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Khalas, ó parí," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá ti kírun Jímọ̀ tán, n ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni níbí."

Gbogbo télọ̀ ló bá wa lọ sétí òkun lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin, wọ́n ń bu omi lu ara wọn bí ọmọdé. Bàbá mi gbé mi sọ́rùn, ó ń sáré nínú omi. Ayọ̀ tí mo yọ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò rí irú rẹ̀ mọ́, àní lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ má sọ fún bàbá àgbà yín.

Ayé ti yí padà. Ní Sharjah wa níbí, Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè lẹ fi ń sinmi nílé ìwé, ọjọ́ Mùsùlùmí, ọjọ́ Júù àti ọjọ́ Kìrìsìtẹ́nì tò tẹ̀ léra. Ẹ̀ ń sùn títí oòrùn fi wọ yàrá, ìyá yín á máa pariwo pé kí n jí yín. Ńṣe ni mo máa ń fa kọ́tìnnì bo ojú fèrèsé fún yín. Mo mọ ẹni tó fi àyà jíjá béèrè oorun yẹn.