Olófòófó Abẹ́ Ìjókòó Kẹ̀kẹ́

Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tí ilé iṣẹ́ pín fún àwọn aránṣọ máa ń rojọ́. Kì í ṣe pé ó ń lanu sọ̀rọ̀ o. Wọ́n ní tí ẹni tó gùn ún bá ti gbé e ti ògiri, àpótí dúdú kékeré tó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún ọ̀gá nínú ọ́fíìsì bí ẹni ń ka ìròyìn: lágbájá gun òkè dé ìdajì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàmẹ̀dò, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo, làkáṣègbè, ẹ ní kó máa lọ sinmi nílé, ó ti gbó. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ kan tiẹ̀ wà tó lọ tú u fún ọ̀gá pé ẹni tó ń gun òun ń purọ́ ọjọ́ orí.

Alápá ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí ẹ̀rọ Ìyá Bọ́tìnì. Alápá kì í ṣe orúkọ àbísọ. Apá aṣọ ló ń rán, nínú gbọ̀ngàn ìránṣọ náà sì rèé, ohun tí o bá ń rán lo ń jẹ́. Ẹni tó ń rán ọrùn aṣọ nìkan ni wọn ò fún lórúkọ, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti pè é ní Ọlọ́rùn, kí ahọ́n má lọ yọ̀. Ìyá Bọ́tìnì ní tirẹ̀, ojú bọ́tìnì ló ń ṣe sára aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn ọmọléèwé, ó sì ti wà nídìí rẹ̀ látìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti ń rákòrò, títí àkọ́bí náà fi di ìyá ọlọ́mọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Lábẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ kọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn yẹn ni àpótí dúdú kékeré kan wà, tó ń ka iye ojú bọ́tìnì tàbí apá aṣọ tí èèyàn bá rán. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ọ́fíìsì á wá wo ohun tó kà. Olófòófó ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́. Àgbà ní òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní ń mọ, ṣùgbọ́n Olófòófó yìí ò tiẹ̀ dúró gba ọpẹ́. Ọdún tó dé ni wọ́n rọra sọ fún Alápò, ọ̀rẹ́ Ìyá Bọ́tìnì tímọ́tímọ́, pé kó máa lọ sinmi. Láti ọjọ́ náà, Alápò ń jókòó ti fèrèsé ní ọ̀sán gangan, ó ń wo ẹyẹ. Ìyá Bọ́tìnì kì í sì í ṣe ẹni tó lè wo ẹyẹ. Kò ní ẹyẹ kankan nínú.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ dé, tí gbogbo èèyàn ń tẹ aago rẹ̀ gbín-ìn-gbín-ìn kiri àgbàlá, abẹ́ ìjókòó ló bẹ̀rẹ̀ wò. Àpótí dúdú. Kékeré. Ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà.

“Yéè!” ló ké. “Olófòófó ti bímọ!”

Ọ̀gá, obìnrin kan tí kò tíì ju àkọ́bí Ìyá Bọ́tìnì lọ, dúró lórí àga, ó ní, “Kò sí dandan o. Ẹni tó bá wù ni. Ẹ kàn máa gùn ún wá síbi iṣẹ́, ara yín á le, inú yín á dùn.”

Ọ̀rọ̀ “kò sí dandan” yẹn gan-an ló dẹ́rù bà wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó fi okùn so sísọ́ọ̀sì mọ́ tábìlì, tó wá dìde lọ́jọ́ kan, tó gbé odindi kẹ̀kẹ́ léèyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́! Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ní wọ́n fẹ́ ta bọ́ọ̀sì ni. Alápá ní irọ́ ni, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ti gbó ni. Ìyá Bọ́tìnì gbọ́ ti ọ̀tún, ó gbọ́ ti òsì, orí rẹ̀ wá dà bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Ohun kan péré ló dá a lójú: tí kò bá gun kẹ̀kẹ́, ẹyẹ ló kù tó máa wò. Kò sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn.

Ó gbìyànjú o. Lẹ́yìn ilé, ó gùn ún, kẹ̀kẹ́ náà sì gbé e tààrà wọ inú aṣọ tí aládùúgbò sá sórí okùn. Ó jáde pẹ̀lú ṣòkòtò aládùúgbò lọ́rùn.

Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Afárí ni, ọ̀sán ló máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí náà kò sí eré tí ń bọ́ mọ́ ọn lójú láàárọ̀. Ó tẹ̀ lé e wọ yàrá.

“Bàbá wọn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ mi ló fẹ́ lọ yìí.”

“Èmi? Ta ló rẹ́rìn-ín?”

“Irùngbọ̀n yín ń gbọ̀n.”

“Atẹ́gùn ni.”

“Nínú yàrá?”

Ọkọ rẹ̀ wúkọ́, ó gbá kẹ̀kẹ́ náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ojú ọmọdé tó rí ṣúgà. “Àpótí tí ò ń wí yìí, ṣé ó lójú?”

“Alápá ní kò lójú. Orúnkún ló ń gbọ́.”

“Ṣé ó mọ orúnkún ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin?”

Ìyá Bọ́tìnì ronú sí i. Kò mọ̀. Kò tiẹ̀ mọ ẹni tí èèyàn lè bi.

“Tọkọtaya ni wá,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ara kan náà. Orúnkún mi, orúnkún rẹ. Fi í sílẹ̀ fún mi.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, baba á gun kẹ̀kẹ́ dé ìyànà ilé oògùn tó wà lẹ́bàá ilé iṣẹ́, ìyá á wọ bọ́ọ̀sì dé ibẹ̀, á gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọkọ, á fi ọwọ́ tì í wọ àgbàlá, á sì fa ọrùn yọ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, baba á tún dúró ní ìyànà náà, á gba kẹ̀kẹ́, á gùn ún lọ, ìyá á sì wọ bọ́ọ̀sì.

“Ìyá,” ni dírẹ́bà bọ́ọ̀sì bi í lọ́jọ́ kan, “gbogbo òwúrọ̀ lẹ̀ ń sọ̀ nílé oògùn. Ṣé kò sí o?”

“Egbòogi orúnkún ni.”

Àwọn tó kù nínú bọ́ọ̀sì gbójú sí fèrèsé. Olúkúlùkù ló ní tiẹ̀ tó ń bò. Tí àkókò ìsinmi ọ̀sán bá tó, wọn a da orí kẹ̀kẹ́ wọn kodò ní àgbàlá, wọn a máa fi ọwọ́ yí táyà rẹ̀ bí ẹni ń lọ ata, kí Olófòófó lè kà á sí òkè gígùn. Ọ̀gá á yọjú lókè, á rí wọn, á juwọ́. Ó rò pé wọ́n fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ wọn débi pé wọn ò lè fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lọ jẹun.

Gbogbo rẹ̀ ì bá dáa, ṣùgbọ́n baba ti gbádùn ún jù. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù. Ó gùn ún lọ kí ọ̀rẹ́ tó ti ń sọ fún láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọ̀nà jìn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń rojú lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, orí wọn ò fá, irun ń dàgbà.

Nígbà tí Ìyá Bọ́tìnì sọ ọ́ fún Alápá, Alápá ju apá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ gbà mí o! Ìyá, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Wọ́n á ní ẹ ti ríṣẹ́ míì, ẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ iṣẹ́ yìí lọ ṣe é.”

“Àbí? Tó bá kéré, mo ti gbó. Tó bá pọ̀, mo jí iṣẹ́ ṣe. Èwo ni kí n wá ṣe báyìí?”

“Kó ṣe déédéé ni.”

“Déédéé mélòó?”

Alápá ò mọ̀. Ó ní kí ó yí i padà sẹ́yìn. Ó ní ohun tó bá lọ síwájú ló ń kà, tí a bá yí i sẹ́yìn, á yọ ọ́ kúrò. Ó jọ ọgbọ́n. Ìyá Bọ́tìnì lọ sí àgbàlá, ó da orí kẹ̀kẹ́ kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí táyà sẹ́yìn. Ó yọ bọ́ọ̀lù kúrò. Ó ń yọ ilé ọ̀rẹ́ kúrò lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ́fíìsì.”

Ọ̀gá ni.

Ìyá Bọ́tìnì jókòó sétí àga bí ẹni tí yóò sá. Akoto funfun kan tí wọ́n ń dé gun kẹ̀kẹ́ wà lórí tábìlì ọ̀gá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì.

“Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yín ni, Ìyá.”

“Mo mọ̀ pé ó ti sọ.”

“Ta ló sọ?”

“Ọmọ mi, ẹ má jẹ́ ká jọ máa yí ọ̀rọ̀ po. Orúnkún ọkọ mi ni.”

“Háà, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe é ní nǹkan kan! Ó le koko. Líle yẹn ló gbé e lọ sí bọ́ọ̀lù. Mo sì ti ń yọ ọ́ kúrò.”

Ọ̀gá gbé ife tíì, ó tún gbé e kalẹ̀ láìmu. “Ìyá, ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Mo pè yín torí pé ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ wọlé tẹ̀yin ti kẹ̀kẹ́ yín, òógùn kan kì í sì í sí lójú yín. Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wa máa jọ gùn ún jáde. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣíwájú wa.”

Ìyá Bọ́tìnì rò ó pé irú ìdájọ́ wo nìyí. Wọ́n fẹ́ kí ó ṣubú níṣojú gbogbo ayé kí wọ́n tó lé e ni, àbí wọn ò mọ̀ ni?

“Mi ò mọ̀ ọ́n gùn,” ló ní. Ó yọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè dì í mú. “Ọkọ mi ló ń gùn ún. Mi ò gùn ún rí, àyàfi ọjọ́ kan, mo wọ ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá máa lé mi, ẹ ṣáà sọ fún mi pé Olófòófó ló sọ, kí n mọ ẹni tí mo máa bínú sí.”

“Olófòófó wo?”

“Tabẹ́ ìjókòó.”

Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó fẹ́ lé ẹnikẹ́ni. Ó ní mọ́tò ló ti kún àgbàlá débi pé ọkọ̀ tó ń kó aṣọ ò ríbi wọlé mọ́, bọ́ọ̀sì sì ń pẹ́ lójú ọ̀nà lójoojúmọ́, ìyẹn ni àwọn fi ní kí ẹni tó bá lè gun kẹ̀kẹ́ máa gùn ún. Tí Ìyá Bọ́tìnì bá lọ, ta ló máa ṣe ojú bọ́tìnì? Ṣé òun ọ̀gá ni?

Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tó dùn ún gbọ́ kọ́ ni Alápò náà kọ́kọ́ gbọ́?

“Kí ló wá wà níbẹ̀?” ni Ìyá Bọ́tìnì bi í.

“Bí wọ́n ṣe gbé e wá la ṣe pín in,” ni ọ̀gá wí. “Tèmi gan-an, mi ò ṣí i rí.”

Wọ́n bọ́ sí àgbàlá. Orí kún ojú fèrèsé gbọ̀ngàn, ti Alápá ló yọ síta jù. Bí ọ̀gá ṣe ń lọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, ó ti ń rántí ibi tí òun náà ti gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ dé, àti òkè tó ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ Ìyá Bọ́tìnì tó ṣì da orí kodò. Ìyá Bọ́tìnì bẹ̀rẹ̀ tì í.

“Ẹ rọra o,” ló sọ sí i létí. “Ó lè máa gbọ́.”

Ọ̀gá fi àtàǹpàkò ṣí ìdérí rẹ̀.

Ègé rọ́bà tí a fi ń lẹ ojú ihò táyà, gọ́ọ̀mù kékeré kan, àti sípánà ló wà nínú rẹ̀.