Ìrẹsì Tó Gba Òrùlé Ilé Èbúté

Ọ̀nà ọlọ́dà tó gba Ajah kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Àwọn olóṣèlú alágbádá ló ń ṣèjọba, ìbò sì ti ń kanlẹ̀kùn. Mo ń sọ ìtàn yìí kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè mọ̀ pé a ti jà létí ọ̀sà yìí kí wọ́n tó bí yín. Inú ṣì ń bí mi, nítorí náà ẹ má retí kí n fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi.

Ilé Èbúté wà ní abúlé wa, tí kò jìnnà sí Addo. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ láyé òyìnbó, orí làwọn bàbá wa sì fi ru bíríkì náà láìgba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ìjọba ti ń kó èrò lọ sí Èkó. Ó ní fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ní bẹ́ǹṣì ìrókò gígùn tí èrò ń jókòó sí. Nígbà tí ọ̀nà dé, ọkọ̀ ò wá mọ́, wọ́n sì ní kí àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, ìdí nìyẹn tí gbogbo abúlé fi ń pè mí ní Akọ̀wé. Páànù ilé náà jẹrà, ewúrẹ́ ń bímọ síbi tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ń dùn mí dénú egungun.

Èmi ni mo dábàá pé ká pe ọ̀wẹ̀, ká tún un ṣe, kó di ibi ìgbafẹ́ fún gbogbo èèyàn. Kí àgbà máa gba atẹ́gùn ọ̀sà níbẹ̀, kí àwọn ọmọdé máa kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sanwó wọlé. Gbogbo abúlé gbà. Apẹja gbé igi wá, àwọn oníṣòwò tó ń kírun ní mọ́sáláṣí wa ra páànù.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ òfin ọ̀wẹ̀ abúlé wa. Ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣe é, ẹni tó bá sì bọ́ wọn ló ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Risi, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, ló ń se ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja fún wa lórúkọ abúlé. Oúnjẹ rẹ̀ la jẹ tí ògiri fi dúró.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ kan páànù, mọ́tò kan gúnlẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ wa, tó tún fẹ́ wọlé ìbò, ló fi ìkòkò ìrẹsì ńlá mẹ́ta àti ẹran màlúù ránṣẹ́, ó ní òun fi ta wá lọ́rẹ ni. Ìyá Risi náà ti gbé igbá tirẹ̀ dé.

"Akọ̀wé," ó ní, "ta ló pe ọ̀wẹ̀ yìí?"

"Àwa náà ni, Ìyá."

"Kí wá ni ìrẹsì ẹlòmíì ń wá níbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé ẹ̀bà yín padà sílé jàre, Ìyá. Ọlọ́lá ti bọ́ wa lónìí."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó bo igbá rẹ̀, ó gbé e rù, ó lọ. Èmi jẹ abọ́ ìrẹsì méjì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí geètì irin fi dé ẹnu Ilé Èbúté, pẹ̀lú àgádágodo àti ọlọ́pàá méjì. Kánsẹ́lọ̀ fẹ́ sọ ọ́ di ilé ọtí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Èkó. A gba ilé Baálẹ̀ lọ tìbínú-tìbínú. Kánsẹ́lọ̀ náà wá, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ kúkú bi wọ́n," ó ní. "Lọ́jọ́ tí wọ́n kan páànù, ta ló bọ́ wọn?"

Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Gbogbo wa ń wolẹ̀.

"O ní o fi ta wá lọ́rẹ ni!" mo pariwo.

"Ṣé ẹ jẹ ẹ́ àbí ẹ ò jẹ ẹ́, Akọ̀wé?"

"Mo jẹ ẹ́, olè!"

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Òfin ò mọ ojú ẹnì kan. Ẹni tó bọ́ ọlọ́wẹ̀ ló ni iṣẹ́ ọjọ́ náà."

Ìgbà náà ni Ìyá Risi dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Ẹ dákun, Bàbá, ṣé iṣẹ́ ọjọ́ náà nìkan ni àbí gbogbo ilé?"

"Iṣẹ́ ọjọ́ náà nìkan."

"Kí ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà?"

"Páànù ni wọ́n kàn."

"Kó wá máa kó páànù ẹ̀ lọ nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa la rà á. Ilé tiwa ni."

Baálẹ̀ ní òótọ́ ló sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa tí a kan páànù náà fo geètì, a gun orí ilé, a tú gbogbo rẹ̀, a sì lọ tò ó síwájú ilé kánsẹ́lọ̀. Àwọn ọlọ́pàá fi kóńdó bá wa sọ̀rọ̀. Eyín mi méjì lọ síbẹ̀. Àmọ́ àwọn obìnrin ti gba etí ọ̀sà wọlé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn ò dìde. Òjò wá dé, kò sì sí ẹni tó ń ti Èkó wá mutí sábẹ́ òjò. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́pàá lọ, a yọ geètì náà dànù. Kánsẹ́lọ̀ wọlé ìbò ṣá o. Bó ṣe wọlé, àpótí ìbò nìkan ló lè sọ. Kò pẹ́ tí ṣọ́jà fi gbàjọba, tí wọ́n lé òun náà lọ.

Kí la wá jèrè? Ògiri àti bẹ́ǹṣì. Títí dòní ẹnikẹ́ni lè jókòó níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òrùlé la pàdánù, a ò sì rí òmíràn fi sí i mọ́. Ìyá Risi ṣì ń gbé ẹ̀bà wá fún wa lẹ́yìn ìjà náà, èmi náà sì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé kó má bínú. Ó kú láìgbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ abúlé wá bá mi pé àwọn fẹ́ pe ọ̀wẹ̀, káwọn fi òrùlé sí Ilé Èbúté. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n wá gbé páálí ohun mímu kan sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kan tó ń ta ilẹ̀ lágbègbè wa ló fi ránṣẹ́ sáwọn tó máa ṣiṣẹ́.

"Ta ló pe ọ̀wẹ̀ yìí?" mo bi wọ́n.

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, bí èmi náà ṣe rín in fún Ìyá Risi gẹ́lẹ́.