Orúnkún Tí A Fi Ta Tẹ́tẹ́

Èmi àti ọkọ mi ta tẹ́tẹ́ lórí eléré tẹníìsì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní orúnkún. Ọkọ mi ní eléré náà yóò borí nínú ìdíje ńlá kan. Mo ní kò lè ṣe é. Ẹni tó bá pàdánù ni yóò rin ewùrà tí a ó fi se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ewùrà sì máa ń yún mi lọ́wọ́.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó kù díẹ̀ kó borí. Ó sáré lé bọ́ọ̀lù, ó di orúnkún mú.

“Ṣubú,” ni mo wí. “Ṣubú jàre.”

Ìyá ọkọ mi, tí làkúrègbé ti dè mọ́ àga láti ọdún mẹ́ta, na ẹsẹ̀ wọn tó wú sí mi.

“Ìyàwó mi, bá mi gbé òróró tí mo fi ń pa orúnkún wá. Tèmi ò tíì ṣubú.”